Mo Jẹ́ Kí Bàbá Mi Máa Pè Mí Ní Fadá

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, tí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ kà á dé ìparí. Irọ́ tí mo pa, mi ò fẹnu pa á. Mo kàn dákẹ́ ni. Bàbá mi sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ dùn, mo wo ojú rẹ̀, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Ohun tí ìdákẹ́ yẹn fà, títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, apá mi ò ká a.

Ògúnbùkúnmi ni bàbá mi sọ mí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bùkúnmi ni wọ́n mọ̀. Abúlé wa kò jìnnà sí Alájùé, lẹ́yìn Ẹdẹ. Àgbẹ̀ ni wá, Ògún la sì ń bọ nílé wa. Bàbá mi ni àwòrò Ògún agbo ilé Ògúndèyí, bí bàbá tirẹ̀ ti jẹ́ ẹ ṣáájú rẹ̀. Èmi ni àkọ́bí ọkùnrin. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé lẹ́yìn rẹ̀, èmi ló kàn.

Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ àwọn Àgùdà ni wọ́n fi mí sí, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣe ìrìbọmi. Ọjọ́ tí mo sọ fún bàbá mi pé mi ò ní í lè jẹ àwòrò, kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Mo gbọ́." Láti ọjọ́ náà, tó bá ní ọ̀rọ̀ láti bá mi sọ, ìyá mi ló ń rán sí mi, kódà bí a bá jọ jókòó síwájú ilé.

"Àbẹ̀kẹ́, sọ fún ọmọ rẹ kó lé ewúrẹ́ yẹn kúrò nídìí àgbàdo."

Ewúrẹ́ náà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ìyá mi á wà nínú ilé ìdáná.

Ọ̀pọ̀ ọdún la fi wà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní Poli, ìjọ wa kó àwa ọ̀dọ́ lọ kí àwọn arúgbó ní ilé kan tó wà lẹ́yìn Ìbàdàn. Àwọn Bùrọ́dà ló ń tọ́jú wọn níbẹ̀. Kí n tètè ṣàlàyé, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀: Bùrọ́dà kì í ṣe Fadá. Òun náà jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun ò ní í fẹ́yàwó, òun ò ní í ní ohun ìní tara òun, òun á sì máa gbọ́ràn sí àwọn aṣáájú òun lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kì í rú ẹbọ Mísà. Kì í gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kì í so tọkọtaya pọ̀. Àdúrà àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni tirẹ̀.

Mo rí ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ náà, Bùrọ́dà Matíà, ọmọ Àkókó. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó ń gé èékánná ẹsẹ̀ baba kan. Baba náà ń bú u. Ó bú ìyá rẹ̀, ó bú ìlú rẹ̀. Bùrọ́dà kàn ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ọmọńdinrín ló kù. Ẹ tètè parí èébú yín kí n tó débẹ̀."

Nǹkan kan wọ inú mi níbẹ̀ tí kò jáde mọ́. Bí mo ṣe ṣe tán ní Poli, mo lọ bá a, mo ní mo fẹ́ di ọ̀kan lára wọn.

Mo rò pé wọ́n á gbé mi jó ni. "Máa wá, kí o máa wò wá, kí àwa náà máa wò ọ́," ni wọ́n ní. Mo lọ. Mo fọ ilẹ̀, mo fọ aṣọ tí àwọn arúgbó tọ̀ sí, mo jí gbàdúrà pẹ̀lú wọn nígbà tí ojú mi ṣì ń pa dé. Nígbà tí mo fẹ́ padà sílé, Bùrọ́dà Matíà, tó jẹ́ pé òun ló ń yẹ àwọn tó fẹ́ wọlé wò, ní, "Lọ gbàdúrà sí i."

Mo tún lọ. "Lọ gbàdúrà sí i."

Àwọn tí a jọ ṣe Poli ti ń ríṣẹ́, òmíràn ti ń fẹ́yàwó. Èmi ń gbàdúrà sí i.

Mo ní, "Bùrọ́dà, Ọlọ́run ti dá mi lóhùn tipẹ́. Ẹ̀yin ló kù."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ó wá bi mí léèrè pé, "Àwọn òbí rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ ohun tí o fẹ́ ṣe?"

"Wọ́n máa mọ̀, sà."

"Mi ò bi ọ́ bóyá wọ́n máa mọ̀. Lọ sọ fún wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi fúnra mi á wá kí wọn nílé."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wá sílé wá sọ̀rọ̀.

Mo bá bàbá mi níwájú ilé, ó ń pọ́n àdá. Akóredé ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni tó máa ń wá láti Ẹdẹ wá ra ẹ̀gẹ́ wa. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n láti kékeré ni òun àti bàbá mi ti jọ ń ṣe ọ̀rẹ́, kò sì sí ohun tí kì í sọ sí i.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, mo fẹ́ fi ayé mi fún Ọlọ́run. Mo fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ ní ìjọ Àgùdà. Mi ò ní í fẹ́yàwó."

Àdá dúró lórí òkúta. Ìyá mi yọjú láti ilé ìdáná.

Bàbá mi wò mí. Ó ti pẹ́ tó ti wò mí bẹ́ẹ̀. "Àwọn tí kì í fẹ́yàwó yẹn," ó rọra ń sọ ọ́, "àwọn tó ń wọ aṣọ funfun, tí wọ́n ń gbé ife sókè níwájú pẹpẹ. Ṣebí àwòrò wọn nìyẹn?"

"Àwòrò wọn ni, sà."

Òótọ́ ni mo sọ. Fadá ló ń sọ, Fadá sì ni àwòrò. Ibi tó yẹ kí n ti fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n Bùrọ́dà ni tèmi, bàbá," ibẹ̀ ni ahọ́n mi ti wúwo.

Torí pé bàbá mi dìde. Ó ju àdá sílẹ̀. "Akóredé, o gbọ́? Ọmọ yìí ò sá fún iṣẹ́ bàbá rẹ̀! Ó kàn gbé e lọ síbòmíràn ni!" Ó kọjú sí mi, kò wo ọ̀dọ̀ ìyá mi rárá. "Ògúnbùkúnmi, dìde ńlẹ̀. Jókòó. O ti jẹun?"

O ti jẹun. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo bàbá ń bi ọmọ wọn lójoojúmọ́ nìyẹn. Èmi ò gbọ́ ọ láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ sọ fún mi, ta ló máa la ẹnu lẹ́yìn ìyẹn?

Mo ní, "Mi ò tíì jẹun, sà." Ó sì ní kí wọ́n gbé oúnjẹ mi wá síwájú òun.

Àbúrò mi, Abọ́sẹ̀dé, ló kọ́kọ́ bá mi wí. Òun nìkan ló mọ gbogbo rẹ̀ nílé, torí òun náà ti bá mi dé ọ̀dọ̀ àwọn Bùrọ́dà rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí bàbá ń sọ kiri pé ẹ fẹ́ di Fadá?"

"Màá ṣàlàyé fún un."

"Ìgbà wo?"

"Jẹ́ kí inú rẹ̀ dùn ná. Tí ó bá ti fara mọ́ ọn, màá ṣàlàyé ìyókù."

"Ìyókù kẹ̀? Ìyókù ni gbogbo ọ̀rọ̀ o."

Mo ní kó má yọ mí lẹ́nu.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ohun tí mi ò lérò rí ṣẹlẹ̀. Bàbá mi tẹ̀ lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwòrò Ògún, ó wọ agbádá rẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, ó ń wo Fadá bí ẹni ń wo olùdíje. Kò kúnlẹ̀, kò kọrin, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́jú. Bí a ṣe ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó ní:

"Ọwọ́ ọkùnrin yẹn balẹ̀. O rí bó ṣe gbé ife yẹn sókè? Kò sáré. Ẹni tó bá ń sáré níwájú ẹbọ, ebi ló ń pa á. Ìwọ, o máa ń sáré sọ̀rọ̀. O ní láti fi í sílẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Lóko, lábẹ́ òòrùn, ó máa ní kí n dúró kí n sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èrò wà níwájú mi. "Gbé àyà sókè. Ohùn àwòrò kì í ti ọ̀nà ọ̀fun wá, inú ló ti ń wá." Àwọn nǹkan tí bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọ, tí kò rí ẹni kọ́ láti ọdún yìí wá, ó kó gbogbo rẹ̀ jọ fún mi. Tí Akóredé bá dé, á ní, "Lèmọ́ọ̀mù àwọn Àgùdà, ẹ kúuṣẹ́ o!" Bàbá mi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ọmọdé abúlé ń pè mí ní Fadá. Bàbá mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí bẹ́ẹ̀: "Fadá, bá mi fa okùn yẹn."

Mo ń dáhùn. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ fún ara mi pé lọ́la ni màá sọ ọ́. Lọ́la á dé, á bá bàbá mi tó ń fún mi ní ẹran tó wà nínú àwo rẹ̀, màá sì tún dákẹ́.

Lórí fóònù, Bùrọ́dà Matíà bi mí, "Ṣé bàbá ti mọ̀ báyìí?"

"Wọ́n ti mọ̀, sà."

"Wọ́n gbà?"

"Inú wọn dùn gan-an ni."

Ohun tó burú jù nínú irọ́ mi nìyẹn. Tí ẹ bá tú u wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí kì í ṣe òótọ́.

Nígbà tí ọdún Ògún kù sí dẹ̀dẹ̀, bàbá mi pè mí sí ẹ̀yìn ilé.

"Ọ̀rọ̀ tí o sọ fún mi yẹn, ṣé ó dá ọ lójú?"

"Bàbá, kí ló dé?"

"Ara mi ń dàgbà. Ojúbọ ò lè máa dúró de ẹni tí kò ní í wá. Mo ti ń fi àyè rẹ sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí, torí mo ní ìrètí pé orí rẹ á padà. Ní báyìí tí ìwọ ti ní ojúbọ tìrẹ, mo fẹ́ fa tiwa lé Ṣẹ́gun lọ́wọ́." Ṣẹ́gun ni ọmọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. "Tí ó bá ti bọ́ sí ọwọ́ ilé wọn, kò tún ní í padà sí ilé wa mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi ọ́. Ṣé ó dá ọ lójú?"

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn gbayawu fún mi lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Ìbéèrè náà ṣe tààrà. Bí mo bá sọ ọ́ níbẹ̀, ìbínú ni, ó tán.

Ṣùgbọ́n Bùrọ́dà Matíà ti dájọ́ pé òun ń bọ̀. Mo ro gbogbo "lọ gbàdúrà sí i" tí mo ti gbọ́. Mo rò ó pé tí bàbá mi bá yarí báyìí, wọ́n á tún ní kí n lọ gbàdúrà sí i, màá sì darúgbó sí Alájùé. Mo tún rò ó pé á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìyá mi sí mi.

Mo ní, "Ó dá mi lójú, sà."

Lọ́jọ́ ọdún, níwájú gbogbo agbo ilé, bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ojúbọ lé Ṣẹ́gun lọ́wọ́. Àwọn kan ń kùn. Ìyàwó àbúrò bàbá mi kan sọ ọ́ sókè pé, "Ẹni tó ní àkọ́bí ọkùnrin!" Bàbá mi ní kí n wá dúró sí apá ọ̀tún òun. Ó ní, "Ẹ má bú mi, ẹ má bú u. Èyí ti di àwòrò lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà. Ilé mi ò tíì ṣófo." Gbogbo wọn wò mí. Mo tẹ orí ba.

Abọ́sẹ̀dé dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń sunkún. Àwọn èèyàn rò pé omijé ayọ̀ ni.

Bùrọ́dà Matíà dé ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, lórí ọ̀kadà. Mo ti gbà á lọ́kàn tẹ́lẹ̀ pé màá sáré pàdé rẹ̀ lójú títì, màá ní kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo lọ sí ojú títì lóòótọ́. Ọlọ́kadà gba ọ̀nà mìíràn wọ abúlé. Nígbà tí mo fi sáré padà délé, ó ti jókòó, omi ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá mi àti Akóredé jókòó kọjú sí i, ìyá mi ń gún iyán lẹ́yìnkùlé.

Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú ló wọ̀ sórí ṣòkòtò, àgbélébùú kékeré kan wà láyà rẹ̀. Mo rí i lójú bàbá mi pé aṣọ yẹn ti ń kọ ọ́ lóminú.

"Ẹ káàbọ̀, Fadá," ni bàbá mi ń wí. "Ọ̀nà ò le jù?"

"Ẹ ṣé, sà. Bùrọ́dà ni mí o, bàbá, èmi kì í ṣe Fadá."

"Háà. Ẹ ò tíì di Fadá."

"Mi ò ní í dì í, sà."

Bàbá mi fara sún mọ́ ọn. Ojú àánú ló fi ń wò ó. "Ìdánwò ni wọ́n fi dá yín dúró?"

"Rárá o, bàbá. Mi ò wá a rí. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti wà níbẹ̀. Bùrọ́dà ni mo wá jẹ́, Bùrọ́dà ni gbogbo wa nílé wa."

"Bọ̀ọ̀dá," ni Akóredé sọ. "Ṣebí bọ̀ọ̀dá ni gbogbo wa? Èmi náà ní àbúrò mẹ́fà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Bùrọ́dà náà rẹ́rìn-ín. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Nílé yín yẹn, ta ló ń rú ẹbọ?"

"Fadá kan láti ìta ló ń wá rú ẹbọ Mísà fún wa. Àwa kì í rú u, sà. Àwọn arúgbó là ń tọ́jú."

"Ọmọ mi ńkọ́? Ìgbà wo ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í rú tirẹ̀?"

Bùrọ́dà Matíà gbé ife omi sílẹ̀. Ó yí ojú wá mi kiri títí ó fi rí mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Bùkúnmi, kí lo sọ fún bàbá?"

Mi ò fọhùn. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe.

"Mò ń bi ọ́. Ṣé o sọ fún wọn pé Fadá lo fẹ́ jẹ́?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, sà. Àwọn ló..." Mi ò lè parí rẹ̀. Odó ti dákẹ́ lẹ́yìnkùlé.

Bàbá mi ló parí rẹ̀ fún mi. "Òótọ́ ló sọ. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́." Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka nǹkan láti ọ̀nà jíjìn. "Mo bi í, ó ní ó dá òun lójú. Ẹni tí kò fẹ́yàwó nítorí ẹbọ, ó yé mi. Ẹni tí kò fẹ́yàwó, tí kò sì rúbọ, kí wá ni?"



Ó wò mí wàyí. "O dúró sí apá ọ̀tún mi. Gbogbo agbo ilé ń wò wá. Mo ní ilé mi ò tíì ṣófo. O gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, sà."

"O gbọ́ ọ."

Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Akóredé ń mi orí, ó ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Astagfirullah. Ojúbọ ti lọ. Ojúbọ ti lọ, wọn ò ní í dá a padà." Ìyá mi wọlé, ó wò mí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta lo fi mí ṣe?" Mi ò tíì mọ èsì ọ̀rọ̀ yẹn títí di òní.

Mo sin Bùrọ́dà dé ojú títì. Mo ń ṣàlàyé, mo ń bẹ̀bẹ̀, mo ń bínú. Mo ní, "Ẹ̀yin náà lẹ fà á! Ká ní ẹ ti gbà mí nígbà tí mo kọ́kọ́ wá, ǹ bá má ti ṣe bẹ́ẹ̀!"

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, "Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún arúgbó pé ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la nígbà tí ọmọ náà ò ní í wá, kí inú arúgbó lè dùn, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò lè bá wa gbé. A ti rí i rí. Ìyà tó ń fi jẹ wọ́n pọ̀. Mi ò lè mú ọ báyìí, Bùkúnmi."

"Lọ gbàdúrà sí i, àbí?"

"Rárá. Lọ bá bàbá rẹ. Nígbà tí wọ́n bá mọ ohun tí Bùrọ́dà jẹ́, tí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ fún mi pé àwọn mọ̀, kí o pè mí. Mi ò ní kí wọ́n gbà o. Mo ní kí wọ́n mọ̀."

Ó gun ọ̀kadà, ó lọ. Iyán tí ìyá mi gún, ajá ló jẹ ẹ́.

Mo lọ bá Ṣẹ́gun. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dá ojúbọ padà fún bàbá mi, kí bàbá mi lè wá ẹlòmíràn nínú ilé wa fún un. Ó wò mí tìyanutìyanu. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rò pé aṣọ ni, tí mo yá wọ̀?" Kò ṣèèbú. Òótọ́ ló sọ.

Nílé, mo ti rò ó pé bàbá mi á tún máa rán ìyá mi sí mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó ṣe burú ju ìyẹn lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀." "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún díẹ̀." "Ẹ ṣé."

Bàbá mi! Sí èmi tó bí! Bí ẹni ń bá àlejò tí kò mọ ibi tó ti wá sọ̀rọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ bú mi. Ẹ nà mí." Ó ní, "Kí lẹ ṣe fún mi tí màá fi nà yín?" Ó sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé Bùrọ́dà fún un. Lóko, mo ṣàlàyé. Nídìí oúnjẹ, mo ṣàlàyé. Á gbọ́ ọ tán, á ní, "Mo ti gbọ́ yín." Inú ń bí mi sí i, sí ara mi, sí Bùrọ́dà Matíà, nígbà mìíràn sí Ọlọ́run tó pè mí láìwo irú ilé tí mo ti jáde. Àwọn ọmọdé ò pè mí ní Fadá mọ́. Wọ́n ń pè mí ní "Bọ̀ọ̀dá Bùrọ́dà," wọ́n á sì sá lọ. Abọ́sẹ̀dé nìkan ló kù tó ń bá mi ṣeré, òun náà á sì máa rán mi létí pé òun ti sọ tẹ́lẹ̀.

Mo jáwọ́ nínú àlàyé. Mo kàn ń roko. Àkókò òjò kan kọjá lórí wa bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kan, a ń fa ẹ̀gẹ́, èmi níwájú, bàbá mi lẹ́yìn. Láìbẹ̀rẹ̀ níbì kan, ó ní:

"Àwọn arúgbó tí wọ́n ń tọ́jú yẹn, ọmọ ta ni wọ́n?"

Mi ò yíjú padà, kí n má bàa lé ọ̀rọ̀ náà sá. "Òmíràn ò bímọ, sà. Òmíràn bímọ, ọmọ ò wá."

"Tí wọ́n bá kú?"

"Àwọn Bùrọ́dà ló ń sin wọ́n."

"Wọ́n á wẹ̀ wọ́n?"

"Wọ́n á wẹ̀ wọ́n, wọ́n á wọṣọ fún wọn, wọ́n á gbàdúrà sí wọn lórí. Èmi náà ti bá wọn wẹ ẹnì kan rí."

Mo gbọ́ tí ẹ̀gẹ́ ń já kúrò nínú ilẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Ìwọ tí o ò ní í bímọ ńkọ́? Ta ni yóò sin ìwọ?"

"Ìwọ" ló pè mí, kò pè mí ní "ẹ̀yin". Mo ní láti gbé ẹ̀gẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀. "Àwọn Bùrọ́dà tó bá kù, sà."

"Hmm," ni bàbá mi wí. "Ó burú. Ó sì dáa díẹ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó jáde, ó ní kí n pe ọkùnrin Àkókó yẹn fún òun.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé èmi àti bàbá mi ti rẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ojúbọ wà lọ́wọ́ Ṣẹ́gun, kò ní í padà, orúkọ mi ni wọ́n á sì máa fi pa á nítàn lágbo ilé wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbọ́ ohùn Ọlọ́run, tí ẹ ń wá bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ nílé: ẹ sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí wọ́n bá máa lé yín jáde, kí wọ́n lé yín jáde nítorí ohun tí ẹ jẹ́. Ẹ má fi ìdákẹ́ ra àwo ọbẹ̀ kan bí mo ti ṣe.

Bàbá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ń pariwo sí i bí àwọn àgbà ti máa ń ṣe, bí ẹni pé ohùn òun ló máa rin ìrìn náà dé Ìbàdàn.

"Bùrọ́dà! Ògúndèyí ni, lẹ́bàá Alájùé. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ gbọ́, mo mọ ohun tí ọmọ mi fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ yín. Kì í ṣe àwòrò. Ó fẹ́ wá máa wẹ àwọn bàbá tí kì í ṣe bàbá rẹ̀, kó sì máa sin wọ́n. Mi ò fẹ́ ẹ. Tí ẹ bá pè mí lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò ní í fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n."

Ó dá fóònù padà fún mi. Bùrọ́dà Matíà ní òun ti gbọ́, ó ní kí n wá lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, kí n wá gbé lọ́dọ̀ wọn fún oṣù díẹ̀ ná, kí wọ́n tún wò mí.

Kí wọ́n tún wò mí! Lẹ́yìn gbogbo èyí! Mo pa fóònù, mo fẹ́ sọ ọ́ mọ́ ògiri.

Bàbá mi ti gbé apẹ̀rẹ̀ lé èjìká. "Kí ló wí?"

"Ó ní àwọn ò tíì gbà mí, sà. Àwọn ṣì máa wò mí ná."

Bàbá mi mi orí, ó mú ọ̀nà oko pọ̀n.

"Ọlọ́gbọ́n ni," ó wí. "Èmi ni mi ò wò ọ́ dáadáa."